Màdáàmù Oníkẹ̀kẹ́ Ń Dáhùn: Ẹ Wọkọ̀ Dé Tógò, Kí Ẹ Gun Kẹ̀kẹ́ Bọ̀ Wálé

Lẹ́tà pọ̀ lóṣù yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló dá lórí ìrìn àjò ọjọ́ márùn-ún tí mo mẹ́nu bà nígbà tó kọjá, tí mo gun kẹ̀kẹ́ láti etí adágún Tógò títí fi bọ̀ sí apá Àjàṣẹ́, Porto-Novo ti orílẹ̀-èdè Benin. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dara pọ̀ mọ́ wa: èdè Faransé ni mo fi ọdún 33 kọ́ àwọn ọmọ ní Àgbádárìgì, ibẹ̀ ni orúkọ Màdáàmù ti lẹ̀ mọ́ mi lára. Mo ti fẹ̀yìn tì, mo ti pé ẹni ọdún 61. Peugeot onírin aláwọ̀ ewé ni kẹ̀kẹ́ mi, tòkunbọ̀ ni, ó sì dàgbà ju àkọ́bí mi lọ. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni o. Ẹnìkan kọ̀wé béèrè pé èló ni mò ń gbà lọ́wọ́ èrò.

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì máa ń gun kẹ̀kẹ́ eré ní Ìkòròdú láàárọ̀ Sátidé. A ní ìsinmi ọjọ́ márùn-ún nínú oṣù Kejìlá. Ojú ọ̀nà tó ní omi lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ní ibi ìtàn, tí tírélà kò sì ní tẹ̀ wá pa ni à ń wá. A rò pé ká gbéra láti ilé, ká gba Àgbádárìgì lọ sí Lomé. Ṣé ó bọ́gbọ́n mu? — Ọmọ Ìkòròdú

Ọmọ mi, kò bọ́gbọ́n mu. Èmi tí mò ń gbé Àgbádárìgì pàápàá, mọ́tò ni mò ń wọ̀ tí mo bá ń lọ sí Mile 2. Tírélà ń bẹ lọ́tùn-ún, dáńfó tó ń gba òdì bọ̀ ń bẹ lósì, kòtò tó gbé omi mì wà láàárín. Ẹ fi ọ̀nà yẹn sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní ibòmíì gbà.

Ohun kan tún wà tó le ju tírélà lọ, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún mi nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ: atẹ́gùn. Ní etí òkun wa yìí, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ti máa ń fẹ́ wá. Bí ẹ bá kọjú sí Lomé, àyà lẹ ó fi gbà á. Tí aago mọ́kànlá bá ti lù, á dà bíi pé ẹnìkan di ìjókòó kẹ̀kẹ́ yín mú látẹ̀yìn, tí kò sì fẹ́ sọ ohun tó ń wá. Ọyẹ́ lè yí i padà díẹ̀ láàárọ̀ oṣù Kejìlá, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀sán, atẹ́gùn òkun á tún gba ibi rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ yẹn, mo sunkún lórí kẹ̀kẹ́ kí n tó dé Grand-Popo. Obìnrin kan tó ń ta àgbọn lẹ́bàá ọ̀nà bi mí léèrè pé ta ló kú.

Nígbà kejì ni mo gbọ́n. Mo di kẹ̀kẹ́ sórí ọkọ̀, mo wọ ọkọ̀ lọ, mo wá ń gùn ún bọ̀ wálé. Atẹ́gùn ń tì mí bọ̀ bí ọmọ tó ń ti ọmọláńke ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà. Bí ẹ̀yin náà yóò ṣe ṣe é nìyẹn. Ẹ wọ ọkọ̀ kọjá Sẹ̀mẹ̀, kọjá Kútọnú, wọ Tógò. Ẹ má jẹ́ kí dírẹ́bà gbé yín wọ àárín Lomé, torí èbúté ọkọ̀ òkun wà lọ́nà ibẹ̀, tírélà tí ẹ sá fún nílé ló ń dúró dè yín. Ẹ ní kó já yín sílẹ̀ ní Baguida.

Ọjọ́ kìíní kúrú. Láti Baguida dé Agbodrafo kò ju nǹkan bí 20 kìlómítà lọ, ilẹ̀ sì tẹ́jú bí àtẹ́lẹwọ́. Òkun ń hó lọ́wọ́ ọ̀tún yín lẹ́yìn igi àgbọn, adágún Tógò dákẹ́ lọ́wọ́ òsì, Agbodrafo sì jókòó sáàárín àwọn méjèèjì. Porto Seguro ni wọ́n ń pè é nígbà kan, bíi ti ìlú kan ní Brazil. Ilé kan wà níbẹ̀ tí bàbá kan kọ̀wé bá mi jà lé lórí. Ẹ ó ka ìyẹn nísàlẹ̀.

Ní etí adágún, ẹ béèrè ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Togoville ní òdìkejì. Omi náà kò jìn nísàlẹ̀, ọ̀pá gígùn ni wọ́n fi ń ti ọkọ̀ lọ. Wọ́n á tẹ́ kẹ̀kẹ́ yín dùbúlẹ̀ sí ẹnu ọkọ̀. Ẹ dè é! Èmi kò de tèmi, mo ní ìrìn kékeré ni. A dé àárín adágún, ọkọ̀ mìíràn tó ń bọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, omi ru díẹ̀, kẹ̀kẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ti wọ omi, ẹsẹ̀ iwájú ń yí lásán lókè. Ọlọ́kọ̀ kò fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀. Ó na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ jáde, ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ há sípókù, ó fà á padà bí ẹni tó ń wá bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gé túùbù tó ti bàjẹ́ sí pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́, mo sì ń kó o sínú àpò. Kò sí okùn tó dáa tó o fún ọkọ̀ ojú omi.

Togoville yìí ni gbogbo orílẹ̀-èdè náà ti gba orúkọ. Lédè Ewé, *to* ni omi, ọ̀rọ̀ etí omi sì ni orúkọ ìlú náà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1884, Gustav Nachtigal, aṣojú ìjọba Jámánì, bá àwọn aṣojú ọba ibẹ̀, Mlapa Kẹta, fọwọ́ sí àdéhùn, ìwé yẹn ni Jámánì sì fi gba ilẹ̀ náà. Ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn ará Jámánì kọ́ lọ́dún 1910 ṣì ń bẹ níbẹ̀, Póòpù John Paul Kejì sì wá síbẹ̀ lọ́dún 1985. Ẹ rìn ín lẹ́sẹ̀. Iyanrìn ìlú náà jìn, táyà tín-ín-rín kò lè rìn nínú rẹ̀. Ẹ padà kọjá wá sùn ní Agbodrafo.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ gbéra ní aago mẹ́fà. Aného ni ẹ ó kọ́kọ́ kàn, ibi tí ọ̀sà ti bọ́ sínú òkun. Ìlú yìí wà lára àwọn tí Jámánì fi ṣe olú ìlú kí ó tó wá di ti Lomé lọ́dún 1897. Ẹ dúró lórí afárá, ẹ wo bí omi adágún àti omi òkun ṣe ń bára wọn ja ìjà àwọ̀, èyí rú, èyí mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, bodè Hilla-Condji. Ẹ mú yẹ́lò káàdì, ìwé ìrìnnà àti rìsíìtì kẹ̀kẹ́ yín dání. Ní bodè kan tí mi ò ní dárúkọ, ọ̀gá kan ní ọjà ni kẹ̀kẹ́ mi, kí n sanwó ẹrù. Mo sọ̀kalẹ̀, mo ní kó gùn ún wò bóyá yóò rí ẹni rà á. Ó wo ìjókòó rẹ̀ tó ti ya, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa lọ. Ẹ rántí pé aago Tógò fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa: ẹ ó pàdánù wákàtí kan lórí aago bí ẹ ṣe ń wọ Benin.

Ẹ sùn ní Grand-Popo. Òkun ti jẹ èyí tó pọ̀ nínú àwọn ilé òwò àtijọ́ ibẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni mo fẹ́ràn jù. Ní Comè, ẹ kúrò lórí títì ńlá, ẹ yà sí àríwá lọ sí Possotomè, létí adágún Ahémé. Yàtọ̀ sí Nokoué tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kútọnú, kò sí adágún tó tóbi tó o ní Benin. Ilẹ̀ pupa ni mo bá lọ́nà ibẹ̀. Eruku á kun eyín yín, ẹ ó rọra máa lọ bí aláboyún, ṣùgbọ́n ariwo ọkọ̀ á dákẹ́ lójijì. Ẹ ó gbọ́ ṣéènì tiyín. Láàárín ọ̀pẹ, ẹ ó máa rí omi fìrí, yóò farapamọ́, yóò tún yọ. Nínú adágún náà, mo rí ẹ̀ka igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ yípo bí ọgbà ẹ̀gẹ́ tí ẹ̀kún omi bò: acadja ni wọ́n ń pè é. Ẹja á rò pé igbó ni, á wọ ibẹ̀ lọ jẹun, lọ bímọ. Lọ́jọ́ tí apẹja bá ṣe tán, yóò fi àwọ̀n yí gbogbo rẹ̀ ká, yóò sì máa yọ igi kúrò níkọ̀ọ̀kan. Mo jókòó wo wọn títí oòrùn fi wọ̀. Omi gbígbóná ń sun láti inú ilẹ̀ ní Possotomè, òun ni wọ́n ń rọ sínú ìgò tí ẹ máa ń rí ní Kútọnú.

Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ padà sí Comè, kí ẹ gba títì lọ sí Ouidah. Ó tó 50 kìlómítà lápapọ̀, atẹ́gùn wà lẹ́yìn. Ẹ fi gbogbo ọ̀sán fún Ouidah. Odi àwọn Potogí, tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1721, ṣì dúró. Lọ́dún 1961, tí Benin ti gba òmìnira tán, àwọn Potogí díẹ̀ ṣì jókòó sínú odi náà bí ẹni tí kò gbọ́ pé ayẹyẹ ti parí. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ, wọ́n dáná sun ún kí wọ́n tó jáde. Láti àárín ìlú dé etí òkun, ọ̀nà tí wọ́n ń kó ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀ láyé àtijọ́, níbi Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1995, ó tó bíi kìlómítà mẹ́rin. Ìyẹn náà, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ ti kẹ̀kẹ́. Mo rí àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń fi eré gùn ún, tí wọ́n ń ya fídíò, inú mi kò dùn.

Lọ́jọ́ kárùn-ún, ẹ lè gun kẹ̀kẹ́ láti Ouidah títí dé ẹ̀yìn Godomey, kí àwọn ọlọ́kadà aláṣọ yẹ́lò tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ jọjọ. Ẹ yà sí Abomey-Calavi, ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ní etí omi, ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Ganvié, ìlú tó dúró lórí òpó nínú adágún Nokoué. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn Tofinu sá wọ inú omi nítorí èèwọ̀ ni fún àwọn jagunjagun Dahomey láti bá ènìyàn jà lórí omi. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ takisí lọ sí Àjàṣẹ́, kí ẹ má gun kẹ̀kẹ́ kọjá Kútọnú rárá. Ní Àjàṣẹ́, tí ẹ ó ti máa gbọ́ Yorùbá níbi gbogbo lọ́jà, ẹ wo mọ́ṣáláṣí àtijọ́ ibẹ̀. Láàárín ọdún 1912 sí 1925 ni àwọn Àgùdà Mùsùlùmí tí baba wọn ti Brazil dé kọ́ ọ, bí wọ́n sì ṣe ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Bahia ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Àlejò tí kò mọ̀ á fẹ́ wọlé lọ gbọ́ Máàsì.

Màdáàmù mi, ẹ̀rù ló ń bà mí. Ọkọ mi fẹ́ kí a lọ sí Ouidah, ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ilé ejò wà níbẹ̀, àti pé wọ́n máa ń fi í kọ́ ènìyàn lọ́rùn. Onígbàgbọ́ ni mí. Ṣé wọn kò ní fi tipátipá mú mi wọlé? Aṣọ wo ni kí n sì wọ̀ lórí kẹ̀kẹ́? — Ìyá Ìbejì, Ṣàgámù

Ẹ kú ọmọ o, Ìyá Ìbejì. Kò sẹ́ni tó ń fi tipá múni wọlé. Owó ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọlé, tí fọ́tò sì lówó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Erè kékeré ni àwọn ejò náà, wọn kò ní oró, tí ẹ̀rù bá bà wọ́n, ńṣe ni wọ́n máa ń ká kò bí òṣùká. Bí ọ̀kan bá ṣìnà wọ ilé onílé lálẹ́, ẹni náà á gbé e padà wá, bí ẹ ṣe máa mú ọmọ aládùúgbò padà fún ìyá rẹ̀. Ojú kò sì jìnnà sí ojú: iwájú bàsílíkà Kátólíìkì gan-an ni ilé ejò náà wà. Tí ẹ kò bá fẹ́ ọ̀kan, ẹ kọjá sí èkejì.

Èmi Mẹ́tọ́díìsì ni mí. Mo wọlé, wọ́n gbé ọ̀kan kọ́ mi lọ́rùn, ó tutù bí ìgò omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú fíríìjì jáde, ó gbé orí lé èjìká mi, ó sùn. Mo jáde, mo ṣì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Thomas Birch Freeman tó wàásù fún wa ní Àgbádárìgì lọ́dún 1842, Ouidah yìí kan náà ló gbà lọ bá ọba Gezo ní Dahomey lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bàjẹ́.

Ní ti aṣọ: ṣòkòtò oníkẹ̀kẹ́ tó fún mọ́ itan kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀ lójú títì, ṣùgbọ́n ní ojúbọ, ní ààfin àti ní mọ́ṣáláṣí, ó ń tàbùkù ẹni tó wọ̀ ọ́ àti ẹni tó gbà á lálejò. Ìró ańkárá kan ni mò ń ká sínú àpò iwájú. Tí mo bá ti sọ̀kalẹ̀, mo ti ró o kí n tó yọ akoto lórí. Ó tún wúlò fún yíyí aṣọ padà lẹ́bàá ọ̀nà, àti fún nínu ṣéènì lọ́jọ́ tí nǹkan bá le. Bí ẹ bá pàdé Zangbeto, eégún àwọn Ègùn tó ń ṣọ́ ìlú lóru, ẹ dúró, ẹ fi fóònù sínú àpò. Ẹ̀yin kò ní fẹ́ kí àlejò máa ya fídíò Orò nílé yín.

Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń bọ̀ láti Peckham nínú oṣù Kejìlá, mo sì fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ carbon mi wá fún ọ̀nà yìí. Táyà tó fẹ̀ ní mìlímítà 25 ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ṣé yóò gbà á? — Àbúrò yín ní London

Àbúrò mi, táyà 25 á bá ọ dé Grand-Popo, yóò sì kú ní Comè. Fi 32 sí i tí férémù rẹ bá gbà á. Tí kò bá gbà á, 28. Má ṣe bá mi mú táyà tí kò ní túùbù wá o. Omi funfun tí wọ́n ń rọ sínú rẹ̀ á gbẹ, o kò sì ní rí èyí tí o máa fi rọ́pò rẹ̀ láàárín Ouidah àti Aného.

Ohun tó máa ń dójú ti ẹ̀yin ará Òkè Òkun kì í tiẹ̀ ṣe táyà, ẹnu fááfù ni. Kẹ̀kẹ́ eré yín, fááfù rẹ̀ tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ gùn bí ẹnu ẹ̀fọn. Fọganáísà wa, ẹnu páńpù rẹ̀ ti ọkọ̀ àti ọ̀kadà ni. Ó gbòòrò. Ohun tí mo fojú ara mi rí rè é: ọ̀rẹ́ mi kan jó táyà lọ́nà Possotomè, ó ní páńpù kékeré kan tó dà bí báírò, ọwọ́ páńpù náà sì ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta tó tì í. A ti kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ fọganáísà lábẹ́ igi máńgòrò. Ọmọkùnrin náà tan ẹ̀rọ rẹ̀, ó gbé ọ̀pá rọ́bà wá, ó wo fááfù náà, ó wo ojú wa, ó tún wo fááfù náà. Ó bèèrè lédè Fọn pé níbo ni ó máa gbà wọlé. Gbogbo wa dákẹ́. Mo wá rántí pé ìdérí kékeré onídẹ kan wà nínú àpò mi, èyí tí wọ́n máa ń dè mọ́ orí fááfù tín-ín-rín kó lè gba ẹnu páńpù mọ́tò. Kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ, kò sì wọ́n ju búrẹ́dì lọ. Ìṣẹ́jú kan ni ó fi kún. Mú mẹ́ta wá. Kí o wọ ọ̀kan mọ́ fááfù gan-an kó máa gbé ibẹ̀, kí o fún èmi ní ọ̀kan.

Mú túùbù mẹ́rin, ìlẹ̀mọ́, ìkọ́ ṣéènì kan àti páńpù gidi tó ní ẹsẹ̀. Omi lítà méjì lórí kẹ̀kẹ́. Kí o sì fi èyí sọ́kàn láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, nígbà tí oorun bá ṣì wà lójú rẹ: ọwọ́ ọ̀tún la ń gbà níbí, ní Tógò àti ní Benin pẹ̀lú.

Kí ni ká máa jẹ lọ́nà mà? Mi ò lè jẹ bísíkíìtì fún ọjọ́ márùn-ún. — Ọlọ́pọ̀n-ún ìyẹ̀fun, Ìjẹ̀bú-Òde

Bísíkíìtì ti rí ọ fín. Ní etí Ahémé, béèrè *dakouin*: wọ́n á se ẹja pẹ̀lú tòmátì àti ata, wọ́n á wá fi omi ọbẹ̀ yẹn gan-an ro gàrí. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá jẹ ẹ́ tán á bínú sí ìyá rẹ̀ pé omi lásán ló fi ń tẹ ẹ̀bà láti ọjọ́ yìí. Láàárọ̀, akassa, tí í ṣe ẹ̀kọ tiwa nínú ewé, pẹ̀lú ẹja díndín. Má jẹ dakouin kó o tó gun kẹ̀kẹ́. Mo jẹ ẹ́, mo sùn lábẹ́ igi fún wákàtí méjì.

Màdáàmù, mo ka ohun tí ẹ kọ nípa ilé kan ní Agbodrafo, pé ọdún 1835 ni wọ́n kọ́ ọ, tí wọ́n sì kó ẹrú pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ ìtàn ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọdún 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí òwò ẹrú. Ẹ má ṣi àwọn ọmọ lọ́nà. — Bàbá Arúgbó, Òndó

Ẹ kú àgbà, Bàbá. Ọdún tí ẹ dá pé, òfin tí ẹ dárúkọ náà pé. Ṣùgbọ́n òfin Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì ló dè. Oníṣòwò Brazil àti Cuba kò dẹ́kun rírà, àwọn tó ń tà níhìn-ín kò sì dẹ́kun títà. Kí ló wá yí padà? Ọkọ̀ ogun ojú omi ń ṣọ́ etí òkun, nítorí náà òwò tó ń wáyé ní gbangba di ti òkùnkùn. Ìdí tí ilé náà fi rí bó ṣe rí nìyẹn, Bàbá. Ká ní òfin yẹn kò sí ni, wọn ò bá má nílò irú ilé bẹ́ẹ̀.

Wood Home ni wọ́n ń pè é, orúkọ oníṣòwò ará Scotland kan, John Henry Wood. Tí ẹ bá dúró níwájú rẹ̀, ilé gbígbé lásán ni: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò sí, yàrá wà, fèrèsé wà, ó dàbí ilé àwọn Àgùdà tí ẹ máa rí ní Èkó. Ẹ lè kọjá níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ohun tó wà níbẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ pákó ló wà. Ẹni tó mú mi káàkiri ṣí ìdérí kan láàárín yàrá, ó ní kí n sọ̀kalẹ̀. Abẹ́ ilé náà kò ga ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Mi ò ga, síbẹ̀ mi ò lè nàró. Mo fi orúnkún àti ọwọ́ rìn lórí iyanrìn. Ihò kéékèèké ló wà lára ògiri nísàlẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ wọlé kò ju ìbú ọwọ́ lọ. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnìkan tó ń rìn lórí pákó lókè orí mi, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ró gbì. Mo ronú pé ẹni tó ń jẹun lókè yẹn gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ikọ́ àwọn tó wà nísàlẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á kó wọn jáde lọ sí etí òkun. Kànga kan ṣì wà tí wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń wẹ̀ wọ́n kẹ́yìn.

Ẹ sì mọ̀ ju mi lọ, Bàbá, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé wa láwọn ọdún 1830 náà: Ọ̀yọ́ Ilé tú, ogun gba ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn tí ogun kó, àwọn náà ni Bahia àti Cuba rà. Òfin Amẹ́ríkà ti fi òfin de kíkó ẹrú wọlé láti ọdún 1808, síbẹ̀ lọ́dún 1860, ọkọ̀ Clotilda kó nǹkan bí ènìyàn 110 ní Ouidah lọ sí Mobile, ní Alabama. Kossola wà nínú wọn, èyí tí wọ́n wá ń pè ní Cudjo Lewis, ọmọ Yorùbá tí àwọn onímọ̀ ìtàn tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé agbègbè Bantè ní Benin. Ó gbé ayé títí di ọdún 1935. Bàbá mi tó bí mi ti ń sọ̀rọ̀ nígbà yẹn.

Bí ara yín bá gbà á, Bàbá, ẹ bá wa lọ. Mọ́tò lè gbé yín dé ẹnu ọ̀nà ilé náà gan-an.

Màdáàmù, ọmọbìnrin mi, ẹni ọdún 14, ka ìwé ìròyìn yín, kò sì jẹ́ kí n sinmi. Ó fẹ́ lọ sí adágún Tógò. Ìbàdàn la wà. — Bàbá Ìyanu

Ẹ bá mi kí Ìyanu. Ẹ sọ fún un pé Ìbàdàn ní adágún tirẹ̀: Ẹlẹ́yẹlé, tí wọ́n fi ìdídò ṣe lọ́dún 1942. Ẹ mú un lọ síbẹ̀ láàárọ̀ Sọ́ńdè, kí ọkọ̀ tó jí, kí ẹ̀yin náà wà lórí kẹ̀kẹ́, kì í ṣe nínú mọ́tò lẹ́yìn rẹ̀. Kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ táyà, kó lẹ túùbù fúnra rẹ̀ nígbà mẹ́ta láìjẹ́ pé ẹ bá a fọwọ́ kàn án. Tó bá ti lè ṣe é, kó kọ̀wé sí mi, kó sì kọ ọ́ lédè Faransé.